Télọ̀ ni mí ní Kábbà, wọ́n ní ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè fọkàn sójú kan) ló ń ṣe mí: ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà tẹ́ ẹ ní in, báwo lẹ ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́?

ÌyáṢọ́ọ̀bù_Kábbà:

Òkun o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara dà á.

Ọmọ ọdún 36 ni mí, aṣọ obìnrin ni mo ń rán, ó ti tó ọdún 9 tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ 2 ló wà lọ́dọ̀ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ló gbé wa dé ọsibítù ní Ìlọrin lóṣù méjì sẹ́yìn, tíṣà ẹ̀ ló ní kí n gbé e lọ torí kì í lè jókòó, kì í parí iṣẹ́ tó bá bẹ̀rẹ̀. Dókítà wá ń bi mí ní ìbéèrè nípa ọmọ, ṣé ó máa ń sọ nǹkan nù, ṣé ó máa ń dà bíi pé kò gbọ́ tí wọ́n bá ń bá a sọ̀rọ̀, bó ṣe ń bi mí ni omi ń jáde lójú mi torí èmi gan-an ni wọ́n ń kà sílẹ̀ yẹn. Wọ́n ní kí èmi náà padà wá. Wọ́n bi mí bí mo ṣe rí nígbà tí mo wà ní pírámárì, wọ́n tún pe màmá mi lórí fóònù, màmá ní "ṣé èyí tí mo rán lọ pọn omi, tó gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wálé, tí kò mọ ibi tí kẹ́ẹ̀gì wà mọ́?" Wọ́n ní ADHD ni, pé ó sábà máa ń wà nínú ìdílé, pé kì í ṣe nǹkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá mi, àtìgbà ọmọdé ló ti wà lára mi.

Bó ṣe rí rèé. Tẹ́ ẹ bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní agogo 11, ẹ máa bá aṣọ 7 lórí tábìlì. Mo ti gé ọ̀kan, mo fi í sílẹ̀ lọ ti síípù mọ́ òmíràn, ibẹ̀ ni mo ti rántí pé mi ò tíì ṣẹ́ etí ìró tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́la, mo lọ wá òwú, mo bá òwú níbi tí fóònù wà, mo mú fóònù, ọjọ́ lọ nìyẹn. Ìwọ̀n oníbàárà ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn kàlẹ́ńdà, ó wà lára páálí, ó wà ní àtẹ́lẹwọ́ mi títí mo fi fọ abọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti aṣọ ẹbí ìsìnkú kan ní Ìyàrá. Aṣọ 11. Alẹ́ Fúráìdè ni mo tó rántí pé mi ò tíì gé léèsì ọmọ olóòkú gan-an. A tan jẹnẹrétọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, a ò bá a mọ́, obìnrin yẹn wọ aṣọ àtijọ́ sin ìyá ẹ̀. Ó pè mí ní ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mi ò lè gbé e.

Àwọn èèyàn á ní ọ̀lẹ ni mí torí wọ́n ti rí mi tí mo jókòó ti aṣọ ìyàwó láti àárọ̀ títí di alẹ́ láìjẹun láìmu omi. Wọ́n á ní "tó bá wù ú, ó mọ̀ ọ́n ṣe." Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn pé kì í ṣe èmi ni mò ń yan èyí tí ọkàn mi máa dì mọ́.

Wọ́n ti fún mi lóògùn, mo sì ń lò ó, ó ń ràn mí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n oògùn kì í to ṣọ́ọ̀bù. Mo ti ra dáyárì 4 lọ́dún yìí, kò sí èyí tó kọjá ojú ewé 10. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bá a gbé, kí lẹ ń ṣe ní pàtó? Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ pé kí n gbìyànjú sí i, mo ti ń gbìyànjú látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi.

---

Tíṣà_Ìsánlú:

Ẹ kú ìnira ìyá wa. Ọkùnrin ẹni ọdún 44 ni mí, ìṣirò ni mò ń kọ́ wọn ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọdún kẹta rèé tí wọ́n ti sọ fún èmi náà. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ̀rọ̀ dáyárì yẹn, jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ lèmi náà ti jìyà jù.

Dáyárì ò lè ran ẹni tó ń gbàgbé lọ́wọ́ tó bá jẹ́ pé dáyárì fúnra ẹ̀ jẹ́ nǹkan téèyàn gbọ́dọ̀ rántí ṣí. Ohun tí ojú wa ò bá rí, kò sí láyé mọ́ lójú tiwa. Ọ̀mọ̀wé kan wà ní Amẹ́ríkà, Russell Barkley, orí ADHD ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní wàhálà wa kì í ṣe pé a ò mọ ohun tó yẹ ká ṣe, pé ṣíṣe ohun tí a mọ̀ lásìkò tó yẹ ká ṣe é gan-an ló ń ṣòro, nítorí náà ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ ni ká gbé ìrànlọ́wọ́ sí, kó má wà nínú orí, kó má wà nínú ìwé tó wà nínú báàgì. Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni mo dá ìbínú tí mò ń bí sí ara mi dúró.

Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, ìwọ̀n ò ní wọ inú ìwé kankan mọ́. Kọ ọ́ sórí bébà kékeré, fi píìnì mú un mọ́ ara aṣọ náà níṣojú oníbàárà, kí ó tó dìde lórí àga. Aṣọ, ìwọ̀n, òwú, síípù, gbogbo ẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù kan ṣoṣo, tó funfun tójú lè là kọjá, ẹ má lo dúdú. Ẹ kan ìṣó mọ́ ògiri tó kọjú sí máṣíìnì, ẹ fi mákà kọ ọjọ́ sórí ìṣó kọ̀ọ̀kan, Mọ́ńdè, Túsìdeè títí lọ, ẹ gbé náílọ́ọ̀nù kọ́ sórí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa RÁN án, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n máa wá gbà á o. Tábìlì wá di ti aṣọ kan péré. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan òmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ dìde, kí ẹ gbé èyí tó wà nílẹ̀ padà sórí ìṣó ẹ̀ ná. Dídìde yẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ sá kúrò nídìí iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àkókò ńkọ́. Àkókò méjì péré ni irú wa ní, "báyìí" àti "tó bá yá". Mo máa ń rò pé ìwé akẹ́kọ̀ọ́ kan ò lè gbà ju ìṣẹ́jú 2 lọ láti máàkì, mo wá fi aago sí i lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú 6 ni. Kíláàsì tó ní ọmọ 40, wákàtí 4 nìyẹn, èmi sì ti máa ń fi wákàtí kan àti díẹ̀ sílẹ̀ fún un látọdún yìí wá. Ẹ fi aago wọn bùbá kan láti gígé dé áyọ́ọ̀nù. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ máa rí i pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń mú yín pẹ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń gbà ju wákàtí tó wà nínú ọ̀sẹ̀ lọ ni.

Tí mi ò bá lè bẹ̀rẹ̀ rárá, mo máa ń lo èyí tí wọ́n ń pè ní Pomodoro. Ará Ítálì kan, Francesco Cirillo, ló gbé e kalẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tó ń kàwé lọ́wọ́, aago ilé ìdáná tó dà bíi tòmátì ló fi ń ṣe é, tòmátì ni wọ́n sì ń pè ní pomodoro lédè wọn. Iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, ìsinmi fún 5. Èmi ò lè ṣe 25 níbẹ̀rẹ̀, 10 ni mo fi bẹ̀rẹ̀, mi ò tijú ẹ̀. Níbi ìsinmi, mi ò kì í fọwọ́ kan fóònù, mo máa ń rìn dé ìdí máńgòrò tó wà nínú ọgbà ilé ìwé ni, kí n padà.

---

Bàbá_Ìjùmú:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kà á tán, mo sì bá ọmọ wa yìí kẹ́dùn gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi, nígbà tiwa a ò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ báyìí. Bàbá wa á jí wa ní kùtù, oko yá, ẹni tó bá gbàgbé iṣẹ́ á rántí nígbà tí pàṣán bá dé. Ṣé kì í ṣe fóònù ló kó bá wa? Ẹ fi àdúrà sí i, kí ẹ sì máa tètè sùn.

---

Nọ́ọ̀sì_Yàgbà:

Bàbá, ẹ kú àgbà o. Mo gba ti àdúrà, mo sì gba ti tètè sùn dáadáa, ẹni tí kò bá sùn tó, ADHD ẹ̀ á le sí i, kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n irú àwọn ọmọ yìí wà nígbà tiyín náà sà, ẹ kàn ń pè wọ́n ní olóríkunkun tàbí ọ̀dẹ̀ ni. Dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, George Still, ti ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tó jọ wọ́n lọ́dún 1902, fóònù alágbèéká ò tíì sí láyé nígbà yẹn. Pàṣán á jẹ́ kí ọmọ bẹ̀rù, kò ní jẹ́ kó rántí. Mo ti rí àgbàlagbà tó ń sunkún níwájú mi lórí lílù tí wọ́n lù ú lógójì ọdún sẹ́yìn torí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀.

Àǹtí wa ní Kábbà, inú mi dùn pé ọ̀dọ̀ dókítà lẹ ti gbọ́ ọ. Fún ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ ń kà á tẹ́ ẹ ń sọ pé "èmi gan-an rèé", ẹ má fi ara yín ṣe dókítà. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó lára, wàhálà tóróìdì (ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn), àìsùn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àníyàn tó pọ̀ jù, gbogbo wọn ló lè mú kí orí èèyàn má dúró síbì kan, ìtọ́jú wọn sì yàtọ̀. Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí fọ́tò ọpọlọ tó ń sọ pé ADHD nìyí, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé, kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ṣé ó ti wà kẹ́ ẹ tó pé ọdún 12. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n ń pè ní ASRS, ìbéèrè 18 ló wà níbẹ̀, 6 àkọ́kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ẹ lè dáhùn ẹ̀ kẹ́ ẹ mú un dání lọ, ṣùgbọ́n ó kàn ń sọ pé "ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò" ni. Ẹ̀ka ìlera ọpọlọ wà ní UITH, ọsibítù Yunifásítì Ìlọrin, àwọn tó bá sún mọ́ Lọ́kọ́jà lè béèrè ní ọsibítù ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀.

Àwa obìnrin, wọ́n máa ń fo tiwa dá torí ọ̀pọ̀ wa ò kì í sáré kiri kíláàsì, a kàn jókòó jẹ́jẹ́ tí ọkàn wa ti lọ sí Ìkòyí-Ilé. Ọ̀pọ̀ obìnrin tún máa ń sọ pé ó máa ń le sí i nígbà tí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, ẹ ṣọ́ ọ, kí ẹ má gba iṣẹ́ kánjúkánjú sí ọ̀sẹ̀ yẹn tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún yín.

Ti oògùn: tó bá jẹ́ methylphenidate ni wọ́n fún yín, wọ́n gbọ́dọ̀ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín àti bí ọkàn yín ṣe ń lù. Kì í jẹ́ kí ebi pa àwọn kan, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó láàárọ̀, ẹ má lò ó lálẹ́ tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ la ojú mọ́jú. Tó bá jẹ́ atomoxetine, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló máa ń gbà kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má já a jù sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Tẹ́ ẹ bá lóyún tàbí ẹ ń gbèrò ẹ̀, ẹ sọ fún dókítà. Mo bẹ gbogbo yín, kí ẹnikẹ́ni má gba oògùn yìí lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, kí ẹ má sì jẹ́ kẹ́nì kan sọ fún yín pé tramadol á jẹ́ kẹ́ ẹ "fọkàn sí" iṣẹ́. Mo ti rí ibi tó ń gbé èèyàn dé.

---

Bàbá_Ìjùmú:

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tí bàbá wa fi máa ń ṣe àpẹẹrẹ èèyàn tí kò ní dára. Ó ti kú. Mo ti ń rántí ẹ̀ látàárọ̀ tí mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ.

---

ÌyàwóMẹkáníìkì:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta ẹ̀yin ará. Èmi ò ní in, ọkọ mi ló ní in, Lọ́kọ́jà la wà ṣùgbọ́n ọmọ Mọ̀pà ni wá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tó ń bá irú wọn gbé torí wọn kì í bi wá.

Ọdún 6 àkọ́kọ́ ìgbéyàwó wa, bí ọlọ́pàá ni mo ṣe ń ṣe sí i. "Ṣé o ti pe oníbàárà yẹn? Ṣé o ti ra páàtì yẹn?" Ó rẹ̀ mí, ó rẹ òun náà, ó ti ń purọ́ fún mi pé òun ti ṣe é kí n lè dákẹ́. Ohun tó yí i padà ni pé a gbé ìbéèrè kúrò lẹ́nu mi. Pátákó dúdú kan wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ibẹ̀ ni nǹkan 3 tó gbọ́dọ̀ ṣe lónìí wà, 3 péré, ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́, ó ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ nù ún. Abọ́ ike kan wà lábẹ́ ẹ̀, kọ́kọ́rọ́, wọ́lẹ́ẹ̀tì, fóònù, ibẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ kọjá láìjẹ́ pé ó da gbogbo ẹ̀ síbẹ̀.

Owó àsansílẹ̀, àǹtí, ẹ gbọ́ èyí dáadáa torí ó fẹ́ tú wa ká. Owó páàtì oníbàárà ló máa ń wọ inú àpò kan náà pẹ̀lú owó oúnjẹ, tó bá rí i níbẹ̀, lójú tiẹ̀ owó wà nìyẹn. A ṣí àkántì míì tí kò ní káàdì ATM, tí kò sí lórí fóònù ẹ̀, èyíkéyìí tí wọ́n bá san sílẹ̀, ibẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ sí lọ́jọ́ náà. Tó bá fẹ́ ra páàtì, a jọ ń gbà á jáde.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ó lè ṣe ìwé owó ẹ̀ tí mo bá kàn jókòó tì í. Mi ò ní sọ̀rọ̀. Mo á máa pa ègúsí tèmi, òun á máa kọ tiẹ̀. Tí mo bá dìde lọ sílé ìdáná, á dìde náà. Dókítà ní wọ́n mọ̀ ọ́n, pé wọ́n ń pè é ní body doubling, pé ara kì í jẹ́ kí ọkàn sá tí ẹlòmíì bá wà nítòsí tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin ti ní ọmọ iṣẹ́ 2, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan jókòó síbi tẹ́ ẹ ti ń rí i, kó máa ṣe tiẹ̀.

---

ÌyáṢọ́ọ̀bù_Kábbà:

Ẹ̀gbọ́n tíṣà, ìbéèrè kan. Tí mo bá kọ Wẹ́sìdeè sórí aṣọ tí wọ́n máa gbà ní Sátidé, èmi tí mo kọ ọ́ náà ni mo mọ̀ pé irọ́ ni. Ọkàn mi ò ní gbà á gbọ́. Mo ti dán an wò rí.

---

Tíṣà_Ìsánlú:

Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó lè tan ara ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òótọ́ nígbà náà. Ẹ sọ fún oníbàárà pé kó wá gbé e wọ̀ wò ní Wẹ́sìdeè ní agogo 4, ẹ sọ fún un lójú ẹ̀ lọ́jọ́ tó bá mú aṣọ wá. Èèyàn tó ń bọ̀, tẹ́ ẹ máa rí ojú ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe déètì orí bébà. Èmi náà, mo ti sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé tí mi ò bá dá ìwé wọn padà ní Tọ́sìdeè, kí wọ́n béèrè. Wọ́n ń béèrè lóòótọ́.

---

ÌyáṢọ́ọ̀bù_Kábbà:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ 3 ló ti kọjá, mo ní kí n padà wá jábọ̀, torí inú mi kì í dùn tí èèyàn bá gba ìmọ̀ràn tó sì sá lọ.

Ìṣó ló ṣiṣẹ́ jù. Mo kan 6 mọ́ ògiri, ọ̀kan já nítorí bíríkì yẹn ò lágbára, mo tún un kàn. Ọjọ́ kejì ni ọmọ iṣẹ́ mi àgbà ti mọ ohun tó kù láti ṣe láìbi mí, mi ò tiẹ̀ rò ó rí pé àwọn náà ń jìyà orí mi, pé wọn kì í mọ èyí tá a fẹ́ ṣe. Bébà ìwọ̀n tí mò ń fi píìnì mú mọ́ aṣọ, kò tíì sí èyí tó sọnù. Èmi! Mo fẹ́ sunkún nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi.

Àlàámù ò ṣiṣẹ́. Ọwọ́ mi ń pa á kí orí mi tó mọ̀. Mo wá gbé fóònù sórí fírísà lódìkejì ṣọ́ọ̀bù, ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n tí iná ò bá sí tí mi ò sì rí i chájì, kò sí àlàámù nìyẹn, mo ti ra aago ògiri oníbátìrì.

Mo wọn bùbá àti ìró. Mo rò pé wákàtí 2 ni. Wákàtí 5 ni, pẹ̀lú làínì. Mo jókòó sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo ronú lórí gbogbo àwọn tí mo ti ń sọ fún látọdún 9 pé "ẹ wá gbà á lọ́la". Ní báyìí mo ń gba 8 lọ́sẹ̀, ẹni kẹsàn-án, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, méjì ti bínú lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀.

Mo lọ sí Ìyàrá. Ọ̀kadà ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà obìnrin yẹn, mo dá owó léèsì àti owó iṣẹ́ padà fún un, mo kúnlẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ ADHD fún un, kò yẹ kí n fi ìyẹn bo ohun tí mo ṣe fún un. Ó gba owó. Kò rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì lé mi.

Ohun kan ló kù. Ọmọ mi, iṣẹ́ àmúrelé. Bí mo ṣe ń pariwo mọ́ ọn, ohùn màmá mi ni mò ń gbọ́ lẹ́nu ara mi, mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

---

Tíṣà_Ìsánlú:

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, àbúrò mi. Ẹ má jẹ́ kó ṣe é nílé lálẹ́ nígbà tó ti rẹ gbogbo yín. Ẹ gbé àga kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì yín tó bá ti dé láti ilé ìwé tó sì ti jẹun. Ìbéèrè 3, lẹ́yìn náà kó sáré lọ fọwọ́ kan igi tó wà níta kó padà, kó ṣe 3 míì. Tó bá ń kọ tiẹ̀, ẹ máa rán tiyín, ẹ má wo ìwé ẹ̀ àyàfi tó bá pè yín. Tó bá ti dìde, kí ẹ̀yin náà gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ẹ nà ẹ̀yìn yín, ẹ mu omi.